Jẹ́ Kí Ọkàn Rẹ Rìn, Ṣùgbọ́n Rán An Níṣẹ́

Ọmọ mi, mo ń wo ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí, mo sì rí i pé ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín níbi tí ẹ jókòó sí láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Bí ọ̀gá bá ń bọ̀, ẹ ó sáré fa ìwé mọ́ra. Bí kò bá sí ọ̀gá nítòsí, ẹ ó fa fóònù yọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ògiri láàárín yín, kíá lẹ ó ti bi í pé, "Kí ló dé? Ta ló ṣe ọ́?" Àfi bí ẹni pé èèyàn kò lè ronú bí àjálù kò bá dé bá a.

Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Kí ojú là sílẹ̀, kí ọkàn ti rìn jìnnà, kí èèyàn máa lá àlá lójú mọmọ, ohun tó lè ṣe ọ́ láǹfààní ni, níbi iṣẹ́ ọwọ́, níbi ẹ̀kọ́, níbi òwò pàápàá. Ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń ṣe é lódìlódì: ẹ ń lá àlá nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀, ẹ sì ń tẹ fóònù nígbà tó yẹ kẹ́ ẹ lá àlá.

Jẹ́ kí n fi Amos Tutuola ṣe àpẹẹrẹ fún ọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1920 ni wọ́n bí i, àgbẹ̀ kòkó sì ni àwọn òbí rẹ̀. Kò kàwé jìnnà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, owó ilé-ìwé dáwọ́ dúró, ó bá lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ó fi iṣẹ́ náà bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà ogun Hítílà. Ogun parí, iṣẹ́ wọ́n, ni ó bá di mẹ́sẹ́ńjà ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ìwọ tí o kò bá ayé mẹ́sẹ́ńjà, ìjókòó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. O jókòó sórí bẹ́ǹṣì, o ń retí kí ọ̀gá pè ọ́. Ó pè ọ́, o gbé fáìlì láti yàrá kan lọ sí òmíràn, o padà wá jókòó. Ẹlòmíràn á fi àkókò yẹn sùn. Ẹlòmíràn á fi sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tutuola ń fi tirẹ̀ kọ ìtàn sórí àjákù bébà. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun kì í lè jókòó lásán, eré lòun kàn ń ṣe, kò sì sí lọ́kàn òun láti fi í ránṣẹ́ síbì kankan.

Ibi tí eré náà já sí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ìtàn ọ̀mu ẹmu kan tí adẹ́mu rẹ̀ já lórí ọ̀pẹ tó sì kú, tí ọ̀mu náà wá gbéra pé òun ń lọ wá a ní ìlú àwọn òkú, ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1952. Akéwì Dylan Thomas gbóríyìn fún un nínú ìwé ìròyìn Òyìnbó. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa ni ojú ń tì, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní tirẹ̀ sọ ìtàn náà di eré orí ìtàgé ní èdè Yorùbá, àwọn èèyàn sì rọ́ lọ wò ó.

Mẹ́sẹ́ńjà pọ̀ ní Èkó nígbà náà. Irú bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó lé, àkókò tí Tutuola ní ni gbogbo wọn ní. Kí ló wá yàtọ̀? Bí mo ṣe rí i, ọkàn ọkùnrin yìí kò kàn ṣáko lọ. Ó níbi tó ń rán an lọ, ìyẹn inú àwọn àlọ́ tó ti gbọ́ láti kékeré, láàárín iwin àti ẹbọra, títí kan ọkùnrin arẹwà tó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ lò, tó dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ni wọ́n, tó wá ku agbárí lásán. Ó ní bébà nítòsí, nítorí náà ohun tí ọkàn bá gbé dé kò bọ́ sọnù. Nígbà tó sì ti fi ọjọ́ díẹ̀ kọ egungun ìtàn náà tán, ó tún jókòó tì í fún oṣù mélòó kan, ó ń fẹ̀ ẹ́ lójú, ó ń fi ẹran sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yin Tutuola kì í rántí oṣù wọ̀nyẹn.

Bẹ́ǹṣì yẹn ṣì wà títí dòní. Ó wà lórí afárá Third Mainland nígbà tí ọkọ̀ kò lọ tí kò bọ̀, ó wà lórí ìlà ní báńkì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà olùkọ́ tó ní kẹ́ ẹ dúró de òun tí kò sì tètè dé. Gbogbo rẹ̀ lẹ ti fi fóònù dí. Fídíò kan kò tíì tán tí òmíràn fi bẹ̀rẹ̀. Kò ku ihò abẹ́rẹ́ tí èrò tìrẹ lè gbà wọlé. Àlá ẹlòmíràn lò ń wò, dátà tìrẹ lo sì fi ń wò ó. Mi ò ní kí o sọ fóònù nù, ọmọ mi, èmi náà ní ọ̀kan. Mo ní kí o máa jẹ́ kí ó wà lápò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí o bá ń dúró de nǹkan.

Kì í ṣe gbogbo àlá ojúmọmọ ló dára o. Jerome Singer, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó pẹ́ ní Yunifásítì Yale, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1966, oríṣi mẹ́ta ló sì pín in sí. Ọ̀kan ni ti ẹni tí kò lè pa ọkàn pọ̀ sójú kan, tí gbogbo ariwo ń gbé lọ. Èkejì ni ti ẹni tó ń gbé ẹ̀bi àti ìbẹ̀rù kiri nínú ara rẹ̀: ìjà àná, ìdánwò tó kùnà, ohun tí ì bá ti sọ fún lágbájá nígbà tó bú u. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ń fi èrò ṣeré, tó ń ya àwòrán ohun tí kò tíì sí, tó ń múra ọ̀la sílẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni mo ń sọ.

Méjì àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù lọ́jà, lójú tèmi. Ní 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ti Harvard fi fóònù bi èèyàn 2,250 léèrè, ní àkókò tí wọn kò retí, pé kí ni wọ́n ń ṣe, kí ni wọ́n ń rò, báwo ni inú wọn ṣe rí. Ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì àkókò tí ọkàn wọn kò sí níbi ohun tí wọ́n ń ṣe, inú wọn kì í sì í dùn tó nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ọkàn tí a kò rán níṣẹ́, ilé gbèsè àti ilé ọ̀tá ló máa ń kọ́kọ́ yà.

Báwo la ṣe ń rán an níṣẹ́? Kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ibi tí àwọn ọ̀lẹ ti máa ń sá fún mi nìyí. Henri Poincaré, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ròyìn tirẹ̀ ní 1908. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ jókòó ti irú ìṣirò kan nílùú Caen tó ń gbé, títí tó fi rí apá kan rẹ̀ yanjú. Lẹ́yìn náà ó bá àwọn kan lọ ìrìn-àjò ìwádìí ilẹ̀ àti àpáta, ìrìn-àjò náà sì mú un gbàgbé ìṣirò. Nígbà tí wọ́n dé Coutances, bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀ èrò báyìí, ó kàn là sí i lọ́kàn pé ohun tó ń wá yìí àti ohun kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀ka ìṣirò mìíràn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Kò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ dúró. Ìgbà tó padà dé Caen ló tó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Apá ọkọ̀ nínú ìtàn yìí làwọn èèyàn fẹ́ràn, wọn kì í fẹ́ gbọ́ apá ti Caen. Ẹni tí kò tíì jókòó ti iṣẹ́ kankan, tó wá ń wo sánmà, sánmà náà ni yóò rí.

Lẹ́yìn tí o bá ti ṣiṣẹ́ débi tí kò lọ mọ́, fi ìbéèrè kan ṣoṣo lé ọkàn lọ́wọ́, kí ó kéré, kí ó sì ṣe pàtó. "Báwo ni màá ṣe lówó?" kì í ṣe ìbéèrè, igbe ni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tó ń bi ara rẹ̀ pé, "Báwo ni mo ṣe lè gé ọrùn bùbá yìí tí kò fi ní máa yọ̀ kúrò léjìká?" ti rán ọkàn rẹ̀ níṣẹ́ síbi tó mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bi ara rẹ̀ pé, "Gbólóhùn wo ni mo lè fi ṣí àròkọ yìí?" ti ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Sọ ìbéèrè náà sókè lẹ́ẹ̀kan, kí o sì dìde kúrò nídìí iṣẹ́.

Wá iṣẹ́ tí ọwọ́ ti mọ̀ dunjú, tí kò béèrè ọpọlọ: fífọ aṣọ, gbígbá ilẹ̀, lílọ aṣọ, bíbó ẹ̀gúsí, tàbí kí o kàn fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà sọ ní 2012 pé àwọn tí wọ́n fún ní iṣẹ́ wẹ́rẹ́ ṣe nígbà ìsinmi ló padà wá pẹ̀lú àrà tó pọ̀ jù, ju àwọn tó sinmi pátápátá lọ, ju àwọn tí wọ́n fún ní iṣẹ́ líle lọ. Àwọn mìíràn tún un ṣe lẹ́yìn náà, wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mi ò ní fi ìwádìí yẹn búra fún ọ. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa nídìí ẹ̀gúsí tó mi: ọwọ́ ń bó, ẹnu dákẹ́, nígbà tó bá sì máa fi di ìrọ̀lẹ́ wọn á ti mọ ẹni tí wọn yóò yá lówó àti ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi parí ìjà ilé. Ṣùgbọ́n má ṣe dán an wò lórí ọ̀kadà, má sì ṣe é nídìí epo gbígbóná. Iṣẹ́ tó lè pa ọ́ bí ojú rẹ bá kúrò lára rẹ̀, ọkàn rẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Bí ọkàn bá yà bàrá, má bú u. Rán an létí ìbéèrè náà, kí o máa bá ọwọ́ rẹ lọ. Nígbà tí ohun kan bá sì dé, kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, sórí bébà tàbí àtẹ́lẹwọ́. Irọ́ ni "màá rántí". Púpọ̀ nínú ohun tí yóò bá dé ni kò ní wúlò. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ọ̀la ni wàá yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà kí o padà sídìí iṣẹ́. Wàá rí i pé ó rọrùn láti pa ọkàn pọ̀ nígbà tó bá ti mọ̀ pé òun náà ní àkókò tòun.

Ibi kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ra gidigidi, torí ibẹ̀ lẹ pọ̀ sí jù. Ẹ ń wo òpin, ẹ kì í wo ọ̀nà. Ẹ ń rí ọkọ̀ jíìpù, ẹ ń rí ilé ní Lẹ́kí, ẹ ń gbọ́ pàtẹ́wọ́ ọjọ́ ìgboyè. Ní 1999, Lien Pham àti Shelley Taylor ní Yunifásítì California ní Los Angeles ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fojú inú wo bí máàkì wọn ṣe ga tí inú wọn sì ń dùn. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn máa fojú inú wo ara wọn níbi tí wọ́n ti ń kàwé, bí wọn ó ṣe jókòó, bí wọn ó ṣe ṣí ìwé. Àwọn tó wo ọ̀nà ló tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, àwọn náà ló sì gba máàkì jù. Gabriele Oettingen, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní New York, tún fi kún un pé àlá dídùn nípa àṣeyọrí máa ń jẹ agbára tí èèyàn ì bá fi ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé bí o bá ti rí ohun tí o fẹ́ lójú inú, kí o wá ohun tó wà nínú ìwọ fúnra rẹ tí yóò dí ọ lọ́wọ́, kí o sì pinnu ṣáájú ohun tí wàá ṣe nígbà tó bá yọjú. Tí o bá mọ̀ pé oorun ni yóò gbé ọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, fi ọkàn wo ara rẹ níbi tó ti ń kùn ọ́, tí o dìde, tí o bọ́jú, tí o padà wá jókòó.

Àwọn kan sì wà tí mi ò ní gbà nímọ̀ràn yìí rárá. Eli Somer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Haifa ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, kọ̀wé ní 2002 nípa àwọn tí àlá ojúmọmọ ń gbé mì: wákàtí lórí wákàtí nínú ayé tí wọ́n fi èrò dá, títí wọ́n fi ń pa iṣẹ́ tì, tí wọ́n ń sá fún ẹbí àti ọ̀rẹ́. Bí o bá rí i pé o kò lè jáde mọ́ nígbà tí o bá wọlé, tàbí pé inú ibẹ̀ nìkan ni ara ti ń rọ̀ ọ́, sọ fún ẹni tí o fọkàn tán, kí ẹ jọ lọ rí dókítà. Má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ bí wọ́n bá ní kí o lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aro. Ẹni tó ń jáwé já aṣọ nìkan kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ láàárọ̀, wọ́n á bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ náà.