Ẹ Fọwọ́ Ṣe É Ná

Ẹ̀yin ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Iwájú ilé wa ní Adéníji Adélé ni mo máa ń jókòó sí lálẹ́ báyìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá Third Mainland ní 1990, ariwo ọkọ̀ tó ń sọ̀ sí àdúgbò wa kì í jẹ́ ká tètè sùn. Iwájú ilé yẹn ni ọmọkùnrin kan nínú ọgbà wa ti wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ gbà mí." Ó fẹ́ máa bá àwọn tó ń gbé Lẹ́kí raja ní Èbúté Èrò, kí wọ́n máa yan ohun tó wù wọ́n lórí fóònù. Ó ti san ₦350,000 fún ẹnì kan tó ní òun máa bá a kọ áàpù. Oṣù mẹ́rin kọjá, àwòrán ojú áàpù nìkan ló rí gbà, onítọ̀hún ò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ta ló ti ra ata lọ́wọ́ rẹ?" Ó ní kò tíì sí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn àti èyí tí mo fi kún un lẹ́yìn náà ni mo ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi tẹ̀ síbí.

1. Ẹ má fi àìmọ kọ́ọ̀dù, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù, kẹ́wọ́. Alímọ̀tu Pẹlẹ́wúrà ò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Ẹja ló ń tà, ọjà Eréko ni ibùjókòó rẹ̀, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà l'Ékòó. Ní 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Pẹlẹ́wúrà kó wọn jáde, àwọn aláṣẹ sì gbé e lọ sí £200. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún fẹ́ máa dá iye tí gàrí máa jẹ́ fún ọlọ́jà. Ó ta kò wọ́n títí ètò náà fi wọlẹ̀ ní 1945. Ìwé kún orí àwọn akọ̀wé ìjọba bámúbámú. Ohun tí Pẹlẹ́wúrà mọ̀ ni ibi tí gàrí ti ń wá, ẹni tó ń gbé e, àti iye tó máa kù sọ́wọ́ ìyá tó ń tà á. Ẹni tó mọ ọjà á rí akọ̀wé gbà síṣẹ́. Ẹ ní kí akọ̀wé tí ò mọ ọjà lọ jókòó sí ìsọ̀ wò.

2. Ẹ fọwọ́ ṣe é fún èèyàn mẹ́wàá ná. Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí. Mo ní kí ọmọ yẹn pa ọ̀rọ̀ áàpù tì, kó kọ ọ́ sórí status WhatsApp rẹ̀ pé Èbúté Èrò lòun ń lọ láàárọ̀ Sátidé, ta ló fẹ́ kí òun bá a ra nǹkan? Èèyàn mẹ́ta dáhùn. Inú ìwé táwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ ló kọ ọ́ sí. Epo ti ta sí ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé kà: "Tàtàṣé dẹ́rìkà mẹ́ta. Edé kọ́ńgò kan, kó má níyanrìn. Má fi rodo sí i o, ọmọ ń jẹ níbẹ̀."

Nígbà tó dé lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n lù. Ó gbé iṣu lé tòmátì lórí nínú àpò kan náà. Oníbàárà kejì ní edé tó rà ti wẹ́ jù. Ẹ̀kẹta ní iye tó pè fún òun lálẹ́ kọ́ ló mú bọ̀ láàárọ̀, bí ẹni pé tòmátì máa ń dúró de èèyàn kílẹ̀ mọ́! Ní Sátidé kejì, kò pe iye owó fún ẹnikẹ́ni títí tó fi dé iwájú ìsọ̀. Ó ya àwòrán edé náà lórí ọwọ́ ara rẹ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe tóbi tó, ó fi ránṣẹ́, ó dúró kí wọ́n ní kó rà á, kó tó yọ owó. Tòmátì ní àpò tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ áàpù tó lè mọ gbogbo èyí láti inú yàrá rẹ̀. Ká ní wọ́n ti kọ áàpù ₦350,000 yẹn parí ni, iye owó àná ni ìbá máa pè fún àwọn èèyàn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ti di mẹ́tàdínlógún, ọ̀rọ̀ sì ti ń sọnù láàárín ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ìgbà yẹn ló wá fi Google Forms ṣe fọ́ọ̀mù: orúkọ, àdírẹ́sì, ohun tí wọ́n fẹ́, iye tí wọn ò fẹ́ kó kọjá. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, á to ara rẹ̀ sínú tábìlì fúnra rẹ̀. Àfi dátà nìkan, kò ná an ní kọ́bọ̀.

3. Ẹ wo ohun tó ti wà nílẹ̀. Ìmọ̀ kẹ́mísìrì ni Jason Njoku kà ní yunifásítì Manchester. Nígbà tó fẹ́ gbé fíìmù Nollywood sórí ayélujára, ọjà Alábà ló gbà lọ ní 2010, ó ń bá àwọn tó ni fíìmù dúnàádúrà, ó sì ń gbé ohun tó rà sórí YouTube. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bastian Gotter ló yọ owó sílẹ̀. Lẹ́yìn tí èrò ti ń wò ó níbẹ̀ ni iROKOtv tó jẹ́ tiwọn fúnra wọn wá dé ní 2011. Àwọn tó dá áàpù ìfowópamọ́ Piggyvest sílẹ̀ ní 2016 mọ kọ́ọ̀dù ní tiwọn, ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti rí èrò náà? Lára ẹnì kan tó fi ₦1,000 sínú kòló onígi lójoojúmọ́, tó wá fi í han ayé nígbà tí ọdún 2015 ń parí lọ. Kòló ti ṣe iṣẹ́ náà kí áàpù tó dé. Kí kòló tó dé, bàbá alájọ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́ ti ń ṣe é ní Jànkárà.

4. Owó. Mo ta léèsì ₦85,000 ní ọdún Kérésì kan. Oníbàárà fi àlátì hàn mí lójú fóònù tirẹ̀, mo kí i, mo di ẹrù fún un. Títí di òní, mi ò rí owó yẹn. Inú àkáǹtì tiyín ni kí ẹ máa yẹ̀ wò. Bí ẹ ò bá mọ kọ́ọ̀dù, Paystack àti Flutterwave máa fún yín ní línkì tí èèyàn lè tẹ̀ kó fi sanwó. Ẹ fi orúkọ ìṣòwò yín sílẹ̀ ní CAC, kí ẹ lè ṣí àkáǹtì fún un, kí owó ọjà àti owó oúnjẹ yín má pàdé nínú àkáǹtì kan náà.

5. Ilé onílé ni ẹ ń gbé. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní oṣù Kẹfà 2021, ó di oṣù Kìíní 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Nítorí náà, nọ́ńbà oníbàárà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín, ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni. Bí áàpù bá sì jẹ́ tiyín náà, ilẹ̀ tẹ́ ẹ gbé e lé kì í ṣe tiyín. Ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, títí kan Erékùṣù Èkó wa níbí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020. Áàpù Gokada tí èrò fi ń pe ọ̀kadà ò ní àbùkù kankan lọ́jọ́ náà. Èrò ni kò lè gbé mọ́, ló bá yà sídìí ẹrù gbígbé.

6. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ dùn yín kí ẹ tó pe akọ́ọ̀dù. Ibi tó bá ń dùn yín jù ni kó bá yín ṣe, kì í ṣe gbogbo ara. Ẹ̀yin gan-an kì í san gbogbo owó fún télọ̀ kó tó gé aṣọ. Ẹ pín in sí mẹ́ta, kí ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́ lórí fóònù yín kí ẹ tó san ìkejì. Orúkọ ìkànnì, orúkọ tiyín ni kí wọ́n fi rà á, ọwọ́ yín sì ni ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ máa wà.

Ọmọ yẹn wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta báyìí. Mo rò pé ojú ọjà orí fóònù tó ń lá àlá rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n kọ fún òun. Ó ní rárá o. Ohun tó ń dun òun ni pé ẹni tó ń fi alùpùpù bá òun gbé ẹrù ń lọ Lẹ́kí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ torí òun ò mọ àwọn tó wà létí ara wọn. Ìyẹn nìkan ló fẹ́ kí akọ́ọ̀dù bá òun tò. ₦60,000 ni wọ́n jọ sọ ọ́ sí, ní ìdá mẹ́ta. Mo bi í pé ta ló ni orúkọ ìkànnì náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa rìsíìtì yọ nínú àpò. Mo wọ gíláàsì mi, mo kà á, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo wá ní kó kọ tèmi náà sínú ìwé fún Sátidé: ṣáwá tútù, kó má fi iṣu lé e lórí.