Ìdíje gọ́ọ̀fù: Gbèsè tí kílọ́ọ̀bù jẹ àlejò, àti èyí tí àlejò jẹ kílọ́ọ̀bù

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin oníṣòwò wa lẹ máa ń sọ pé eré olówó ni gọ́ọ̀fù, pé kò kàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Bí ìdíje bá wà ní Ìkòyí Club 1938 nílùú Èkó, tàbí ní kílọ́ọ̀bù Ìkẹjà àti ti Ìbàdàn, ta ló ń se oúnjẹ? Ta ló ń gbé kánópì àti àga wá? Ta ló ń tẹ orúkọ sára aṣọ àti fìlà? Àwọn oníṣẹ́ bíi tiyín ni. Àwọn kan nínú yín sì ń gbá gọ́ọ̀fù fúnra wọn, àwọn mìíràn ń fi ẹ̀bùn ṣe onígbọ̀wọ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Kílọ́ọ̀bù ló ni pápá, ṣùgbọ́n bí àlejò ò bá wá, kò sí ìdíje. Àlejò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní pápá nílé. Tọ̀tún-tòsì ló jẹ gbèsè. Ibi tí wọn ò bá ti kọ gbèsè náà sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ìjà ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun tí kílọ́ọ̀bù jẹ àlejò

Àkọ́kọ́ ni àlàyé, kó tó gba owó. Kí ni owó ìforúkọsílẹ̀ wà fún? Ṣé oúnjẹ wà nínú rẹ̀? Ṣé owó agbápò, ìyẹn kádì, wà nínú rẹ̀, àbí àlejò ni yóò san án? Báwo ni pápá ṣe rí? Kì í ṣe gbogbo pápá ilẹ̀ wa ló ní koríko nídìí ihò. Iyanrìn tí wọ́n fi ọ́ìlì pò ni tàwọn mìíràn. Ó yẹ kí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ mọ̀ kó tó gbéra.

Ìkejì ni òfin. Àjọ R&A àti USGA ló ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n òfin náà gba ìgbìmọ̀ kílọ́ọ̀bù láàyè láti fi òfin àdúgbò kún un. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù. Láti ọdún 2023, ọrùn ìgbìmọ̀ náà ni ìṣirò hándíkáàpù wà nínú ìdíje tí wọ́n ti ń ka iye ìgbá. Kí wọ́n má ṣe di àṣìṣe tiwọn ru àlejò.

Ìkẹta ni ààbò. Bí mànàmáná bá ń kọ, kí kílọ́ọ̀bù tètè dá eré dúró. Òfin tilẹ̀ gbà kí ẹni tó bá rí i pé mànàmáná léwu dá eré tirẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, kó sì tètè sọ fún ìgbìmọ̀.

Ìkẹrin ni ẹ̀bùn, ẹ̀yin onígbọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 2022, ẹ̀bùn tí ẹni tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun lè gbà nínú ìdíje kan kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 700 tàbí dọ́là Amẹ́ríkà 1,000 lọ. Bó bá jẹ́ ìdíje hándíkáàpù, kò gbọdọ̀ gba owó rárá, ọjà ló lè gbà. Bí ẹ bá ṣèlérí owó, ẹ lè ba ipò ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní jẹ́. Kílọ́ọ̀bù ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ èyí fún yín.

Ohun tí àlejò jẹ kílọ́ọ̀bù

Àsìkò ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí kò tó bẹ́ẹ̀ pẹ́, wọ́n á fi méjì kún iye ìgbá rẹ̀. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wọ́n á yọ ọ́. Bí àlejò ò bá ní lè wá, kó tètè ránṣẹ́, torí pé alásè ti ra ẹran sílẹ̀ dè é. Bó bá sì ti wà lórí pápá, kó má fi àkókò ṣòfò: ìṣẹ́jú mẹ́ta péré lòfin fi sílẹ̀ láti wá bọ́ọ̀lù tó sọnù.

Òótọ́ ni ìkejì. Hándíkáàpù ni iye tí wọ́n ń yọ kúrò nínú ìgbá ẹni, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá tó lè bá ọ̀gá díje. Ká ní Àlàbá gbá 90, hándíkáàpù rẹ̀ jẹ́ 20, ó kù 70. Àkàndé gbá 78, tirẹ̀ jẹ́ 6, ó kù 72. Àlàbá ló borí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé 14 ni hándíkáàpù Àlàbá ní tòótọ́, 76 ló yẹ kó kù. Ó jí ẹ̀bùn Àkàndé gbé nìyẹn. Onígbọ̀wọ́ tó bá rí irú èyí lẹ́ẹ̀mejì kò ní padà wá mọ́. Bákan náà, ẹni tó bá fọwọ́ sí káàdì tí iye ìgbá ihò kan ti kéré sí èyí tó gbá, òfin ní kí wọ́n yọ ọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ìkẹta ni ìtọ́jú pápá àti èèyàn. Kó dá ilẹ̀ tó hú padà, kó ro yanrìn tó tẹ̀, kó sì san owó agbápò pé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Oúnjẹ òòjọ́ agbápò ni.

Bí òjò bá wá dé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Èèyàn 80 san ₦30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ₦2,400,000. Kílọ́ọ̀bù ti ná ₦1,500,000 sórí oúnjẹ, aṣọ àti kánópì. Òjò wá dá eré dúró ní ihò keje. Àlejò ní kí wọ́n dá gbogbo owó òun padà, kílọ́ọ̀bù ní òun kò dá kọ́bọ̀ padà. Àwọn méjèèjì ṣàṣìṣe. Àlejò ti jẹun, ó ti wọ aṣọ. Eré tó sanwó fún ni kò rí gbá tán. ₦900,000 ló kù. Bí wọ́n bá pín in, ₦11,250 ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí kílọ́ọ̀bù dá ọjọ́ mìíràn, kí ẹni tí kò bá ní lè wá gba ₦11,250 rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí èyí wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kí òjò tó ṣú.

Ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin tẹ̀ ń fi kánópì háyà, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí. Kí ẹ tó gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí owó náà wà fún, ọjọ́ tí kò ní lè yí iye èèyàn padà mọ́, àti iye tí ẹ máa dá padà bí òde bá bàjẹ́. Kí òun náà fọwọ́ sí i. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní.