Iṣẹ́ Ìwọ̀fà Kì Í Dín Ojú Owó Kù: Ẹ̀kọ́ Lórí Gbèsè Ilé

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan tí yóò wúlò fún àwọn tó wà ní kíláàsì àti fún àwọn tó ti jáde tí wọ́n ń gba owó oṣù, gbèsè ilé ni ó wá sí wa lọ́kàn. Tọkọtaya ni àwa méjì tí a kọ ọ́, Ìjẹmọ̀ níhìn-ín ni a sì ń gbé. Ìṣirò ni ọ̀kan nínú wa ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìtàn ni ìkejì ń kọ́ wọn. A ti jẹ gbèsè ilé rí, a sì san án tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àtijọ́ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé àwa fúnra wa.

Ẹni tó fi ara rẹ̀ dógò

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, kí báǹkì tó dé Abẹ́òkúta, ẹni tí ìnáwó òkú, ìgbéyàwó tàbí ẹjọ́ bá ká mọ́ a máa tọ olówó lọ láti yá ọ̀kẹ́ owó mélòó kan. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ. Ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ni ó sì fi ń dúró fún owó náà. Òun ni à ń pè ní ìwọ̀fà. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921.

Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọlúàbí ni, ó sì ní àkókò tirẹ̀ tí ó lè fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóko olówó, èlé lásán ni. Kò dín ojú owó kù rárá. Bí ó fi ogún ọdún ro oko náà, ọ̀kẹ́ márùn-ún tí ó yá ṣì jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún. Bí ó bá kú, gbèsè kò bá a kú. Ọ̀nà tó dá lójú jù fún un ni kí ó fi àkókò tirẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ó máa fi èrè rẹ̀ pamọ́, bóyá nínú èésú, títí yóò fi kó ojú owó jọ. Ẹni tó bá fi àkókò tirẹ̀ ṣe fàájì, ó lè darúgbó sórí gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Ẹ̀gbá nìkan. Ìwé Nehemiah orí karùn-ún sọ bí àwọn Júù ṣe fi oko, ọgbà àjàrà àti ilé wọn dógò nígbà ìyàn, tí àwọn ọmọ wọn sì ń bọ́ sóko ẹrú. Nehemiah kò fi àdúrà nìkan yanjú rẹ̀. Ó pe àwọn olówó jọ, ó ní kí wọ́n dá ilẹ̀ àti èlé padà.

Ilé tó dúró fún gbèsè

Lóde òní, ilé tí a fi owó náà rà gan-an ni ó ń dúró fún gbèsè. Ní 1956 ni a dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Building Society sílẹ̀; ní 1977, ó di Federal Mortgage Bank of Nigeria. Òfin ọdún 1992 sì dá àpò owó ilé kan sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́ ń fi ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ti ń dá owó yìí lè yá owó ilé níbẹ̀. Fún ọdún pípẹ́, èlé rẹ̀ kò ju 6 nínú 100 lọ lọ́dún, ó sì rọjú gan-an ju ti àwọn báǹkì yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni a yá, èlé 6 nínú 100, ọgbọ̀n ọdún. Owó tí a ó máa san lóṣù jẹ́ nǹkan bí ₦29,978. Inú wa dùn pé agbára wa ká a. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a ti san ohun tó lé ní ₦1,079,000. A wá béèrè iye tó kù. Ìwé tí wọ́n fún wa fi hàn pé ojú owó kò tíì dín ní ₦196,000. A rò pé wọ́n ṣì í ṣírò. A jókòó ti ìwé náà lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì rí i pé ó tọ̀nà: ní oṣù àkọ́kọ́, ₦25,000 nínú owó tí a san, èlé ni; ₦4,978 péré ni ó kan ojú owó. Ẹni tó ń kọ́ ìtàn nínú wa dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ìwọ̀fà ni wá.”

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Gbogbo owó tí a bá fi kún iye tí a gbọ́dọ̀ san, bí báǹkì bá kọ ọ́ sí ibi tó yẹ, ojú owó ni yóò lọ bá tààrà. Èlé kò sì ní lé e mọ́ láéláé. Ẹni tó bá fi ₦5,000 kún un lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò san gbèsè ọgbọ̀n ọdún yìí tán láàárín ọdún 21, yóò sì yọ owó èlé tó tó mílíọ̀nù méjì. Ẹni tó bá fi ₦10,000 kún un yóò parí rẹ̀ ní ọdún 16 àti oṣù díẹ̀.

Ibi tí a ti rí owó náà

A kò rí owó he. Fún oṣù mẹ́ta, gbogbo ohun tí a ná ni a kọ sínú ìwé, títí kan owó ọ̀kadà. Lẹ́yìn ìdámẹ́wàá, oúnjẹ, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti owó ọkọ̀, aṣọ ẹbí ni ó ń gbé owó wa lọ. A pinnu pé òde mẹ́ta péré ni a ó máa ra aṣọ ẹbí fún lọ́dún. Ní àwọn òde yòókù, aṣọ tí a ní ni a ó wọ̀ lọ. Kò rọrùn. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní a ti di ahun. Ìyá ọkọ kò bá ìyàwó sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan. A sì gba ọ̀dọ̀ alájọ: ₦200 lójúmọ́. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó di ₦6,000. Alájọ mú ti ọjọ́ kan, ₦5,800 kù. Bí owó oṣù ṣe ń lé sí i, àfikún náà ń lé sí i. Owó ìsinmi ọdọọdún pẹ̀lú ń bá a lọ. Kí ọdún kejìdínlógún tó pé, a san án tán.

Àwọn kan yóò béèrè pé nígbà tí iyì náírà ń já, kí ni ìkánjú sí gbèsè tí èlé rẹ̀ kéré? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tó ní òwò tàbí oko tó ń mú èrè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, kí ó fi owó rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè: owó tí n kò fi san gbèsè, òwò ni mo ń fi ṣe ni, àbí òde? Ní ilé tiwa, òde ni.

Ìkìlọ̀ mẹ́rin

Ẹ kọ́kọ́ san gbèsè tí èlé rẹ̀ ga ju ti ilé lọ. Ẹ tọ́jú owó tó lè bọ́ ilé fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, nítorí àìsàn kì í kọ lẹ́tà kó tó dé. Ẹ béèrè bóyá báǹkì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá tètè san, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú owó ni àfikún yín wà fún. Níkẹyìn, bí ẹ bá san tán, ẹ má ṣe jókòó sílé: ẹ gba ìwé ìtúsílẹ̀ àti àwọn ìwé ilé yín, kí ẹ sì rí i pé ìjọba yọ orúkọ báǹkì kúrò lórí ilẹ̀ náà nínú ìwé wọn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní kíláàsì, ẹ kò tíì ní ilé, ṣùgbọ́n ẹ ní owó ìpápánu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìnáwó yín sílẹ̀ láti òní lọ. Opó tó wá bá Èlíṣà ta òróró, ó san gbèsè, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹ èyí tó kù. Ètò tó tọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ tí a gba ìwé ilé wa, ìyá ọkọ tó bínú sí wa níjọ́sí ni a kọ́kọ́ gbé e fún. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó dì í mú pẹ́.