Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá: Èló ni jálẹ̀? Gbàǹjo ní ìlú New York

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

gbàǹjo: ọjà tí a ń tà ní gbangba fún ẹni tí iye rẹ̀ bá ga jù
onígbàǹjo: ẹni tó ń darí gbàǹjo
dá iye lé ọjà: sọ iye tí a fẹ́ fi rà á
jálẹ̀: iye tí olùtà kò ní gbà kí ọjà lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀
kùtà: kí ọjà má rí ẹni rà á

Àyọkà

Bí ẹ bá ń ná aṣọ ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ẹ lè bi ìyá aláṣọ pé, "Ìyá, èló ni jálẹ̀?" Yóò dá yín lóhùn. Ní ilé gbàǹjo ńláńlá New York, bíi Sotheby's àti Christie's, ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn ìbéèrè yẹn. Ì báà jẹ́ àwòrán, ì báà jẹ́ aago àtijọ́ tàbí ère ìbejì, olùtà àti ilé gbàǹjo sábà máa ń jọ fẹnu kò sí jálẹ̀ kan, àṣírí sì ni. Bí iye tí àwọn ènìyàn dá kò bá tó o, ọjà náà kùtà nìyẹn.

Àmì wà fún ẹni tó fojú sílẹ̀. Ìwé ọjà máa ń kọ iye méjì tí wọ́n rò pé ọjà lè mú wá. Jálẹ̀ kì í sábà kọjá èyí tó kéré nínú méjèèjì. Bí ìwé bá kọ 10,000 sí 15,000 dọ́là, jálẹ̀ lè jẹ́ 8,000 tàbí 10,000. Kì í sábà jẹ́ 11,000.

Kí iye tó dé jálẹ̀, onígbàǹjo lè máa dá iye lé ọjà lórúkọ olùtà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ nawọ́. Wọ́n máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé fìtílà òkè àjà ló ń bá a ná an.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, Christie's gbé àwòrán mẹ́jọ síta ní New York. Ẹyọ kan ṣoṣo ló tà. Ṣùgbọ́n David Bathurst, ọ̀gá wọn níbẹ̀, kéde pé mẹ́ta ló tà. Àṣírí tú ní 1985. Ó fi ipò sílẹ̀, Christie's sì san ìtanràn 80,000 dọ́là.

Ní 1987, ìlú New York ṣòfin pé kí ìwé ọjà sọ bí ọjà kan bá ní jálẹ̀, kí onígbàǹjo sì kéde ọjà tó bá kùtà. Òfin náà kò ní kí wọ́n sọ iye jálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 2022, ìlú náà fagi lé ìwé àṣẹ onígbàǹjo pẹ̀lú àwọn òfin wọ̀nyí. Òfin ìpínlẹ̀ New York ṣì wà: bí olùtà bá dá iye lé ọjà ara rẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn olùrà mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, olùrà lè kọ ọjà náà.

Ẹ kíyè sí i: bí … bá

Bí iye kò bá tó jálẹ̀, ọjà á kùtà.
Bí iye bá tó jálẹ̀, …… (Ẹ parí rẹ̀.)

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín jálẹ̀ ní Bódìjà àti jálẹ̀ ní New York?
2. Ìwé ọjà kọ 4,000 sí 6,000 dọ́là. Ǹjẹ́ jálẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 5,000? Kí ló dé?
3. Ta ni irọ́ Bathurst lè pa lára: olùtà, olùrà, tàbí àwọn méjèèjì?
4. Àwọn àgbà ní, "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké." Ẹ fi òwe yìí jíròrò àyọkà náà ní méjì-méjì.