Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni kí ẹni tó fẹ́ padà sídìí mọ́tò àtòpọ̀ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ kọ́kọ́ rántí, nítorí iṣẹ́ ìwọ̀n ni iṣẹ́ náà látòkèdélẹ̀. Mọ́tò tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ṣe tán, tí ọmọdé ń tì kiri ilẹ̀. Inú páálí ni ẹ̀yà rẹ̀ máa ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìlẹ̀kùn, ẹ́ńjìnnì, ìjókòó, títí dórí gíláàsì iwájú. Ẹni tó rà á ni yóò gé e, tí yóò họ ọ́, tí yóò lẹ̀ ẹ́, tí yóò sì kùn ún. Ìwọ̀n kan tó wọ́pọ̀ ni ìdá kan nínú 24: ohun tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì lára ọkọ̀ gidi, íǹṣì kan péré ni yóò jẹ́ lára tiyín. Volkswagen tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìjàpá, tó gùn tó mítà mẹ́rin lójú títì, yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lórí tábìlì. Bí ẹnì kan bá wá ní òun fẹ́ to Cocoa House ti Dùgbẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò náà ní ìwọ̀n kan náà, ilé àwòṣífìlà alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965 yẹn yóò ga ju mítà mẹ́rin lọ, yóò sì lu àjà pálọ̀ jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé mọ́tò là ń tò, a kì í to ìgboro.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré òyìnbó ni. Ọmọ Ìbàdàn tó ti lé ní ogójì ọdún mọ̀ pé agolo sàdíìnì ló ń di bọ́dì, ìdérí kọ́ọ̀kì tàbí sálúbàtà rọ́bà tó ti já ló ń di táyà, wáyà ló ń di ọ̀pá táyà, igi gígùn kan sì ni a fi ń darí rẹ̀ lọ, darí rẹ̀ bọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an a máa fi páálí gbé bọ́lẹ̀kájà dúró, ti òun ti bẹ́ńṣì inú rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà to mọ́tò, ti gidi ni wọ́n tò. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, Leyland sì ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ níbí ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù àti Land Rover. Inú àpótí ni ẹ̀yà àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń ti òkè òkun bọ̀, ọmọ Nàìjíríà ló ń so wọ́n pọ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ní pálọ̀ yín ni wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí nígbà náà, àfi pé tiwọn ń mu epo.

Ṣùgbọ́n ọdún ti gorí ọdún. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba; kò sẹ́ni tó ní kó pè é lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ la ẹnu. Nítorí náà, ibi tí ẹ dé kí ẹ tó dáwọ́ dúró kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Ferrari tí ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ ni ẹ tò gbẹ̀yìn nígbà tí ẹ wà ní yunifásítì, ẹ má ra Ferrari báyìí. Ẹ wá èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀, tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì sùn.

Bí páálí àtijọ́ kan bá wà nípamọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní kí ẹ tó sún mọ́ gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti gan; ẹ jù ú nù. Ẹ yọ táyà rọ́bà rẹ̀ sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, torí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ ike tó bá fara kàn án fún ọdún púpọ̀. Bébà àmì, èyí tí a ń rẹ sómi kí nọ́ńbà àti ìlà ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó bọ́ lára rẹ̀, lè ti pọ́n. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí fún ọjọ́ mélòó kan, àwọ̀ pípọ́n náà sábà máa ń ṣí. Ó tún lè fọ́ wẹ́wẹ́ nínú omi, nítorí náà ẹ gé èyí tí ẹ kò ní lò, kí ẹ fi dán an wò. Tó bá jẹ́ abẹ́ páànù ni páálí náà wà, tí ooru ti jẹ́ kí bọ́dì ọkọ̀ wọ́, omi gbígbóná tí kò tíì hó ló ń dá a padà: ẹ rì í bọ̀ ọ́, ẹ rọra nà án, ẹ fi omi tútù lé e.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹni tó ń padà bọ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, awò inú ẹyinjú a máa le sí i, ohun tó wà nítòsí a sì máa ṣe bàìbàì. Kì í ṣe àrùn, ọjọ́ orí ni. Ẹni tó ń na ìwé ìròyìn síwájú kó tó lè kà á, báwo ni yóò ṣe lẹ ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí kò ju hóró ìrẹsì lọ? Ẹ lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó ra ọ̀bẹ. Ẹ̀ka ojú wà ní UCH, ilé ìwòsàn tó ti ń tọ́jú wa láti 1957, awò ìkàwé kò sì wọ́n tó èyí tí ẹ ó fi dá ara yín lágara. Ẹ ra iná tó ń gba ṣájì pẹ̀lú, torí pé àárín ìgbà tí gọ́ọ̀mù ń gbẹ lọ́wọ́ ni àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA fẹ́ràn láti mú iná lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ kan mọ́ra. Ní ilé kan ní Agbowó, mo rí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin nídìí iṣẹ́ yìí. Ọmọ náà fi ṣóńṣó igi ìtayín kan gọ́ọ̀mù díẹ̀, ó fi kan ara ìlẹ̀kùn, ó fi ẹ̀mú gbé ọwọ́ ìlẹ̀kùn náà sórí rẹ̀. Bàbá di tọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ọmọ ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mí." Bàbá kò mí. Nígbà tó di ti ọ̀bẹ, bàbá ló gbà á, ọmọ sì di tọ́ọ̀ṣì mú. Bó ṣe yẹ kí wọ́n pín iṣẹ́ nìyẹn. Nídìí ọ̀bẹ yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ dárí jì mí, àwọn àgbà ló pa á. Ẹ má fi ọwọ́ já ẹ̀yà kúrò lára igi ike tó dì í mú. Ẹ gé e jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀yà, kí ẹ wá fi sáńpépà họ ìyókù kúrò.

Sáńpépà náà kò jìnnà. Àwọn tó ń kun mọ́tò ní Challenge àti Ring Road ń lo èyí tí a ń rẹ sómi, láti nọ́ńbà 400 títí dé 2000, ìyẹn náà sì ni iṣẹ́ tiyín nílò. Top Bond funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo fẹ́ràn jù fún gíláàsì, torí pé bó bá gbẹ, kì í hàn. Ẹ má fi súpà gúlù lẹ gíláàsì, èéfín rẹ̀ máa ń jẹ́ kó di funfun. (Ẹ má rò pé àbùkù ni láti máa ra nǹkan lọ́dọ̀ káfíńtà: Tamiya, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò àtòpọ̀ tó lókìkí jù ní Jápáànù, òwò pákó ló fi bẹ̀rẹ̀ ní Shizuoka ní 1946. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ọjà pákó Bódìjà?) Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni ọ̀dà. Tínà inú ọ̀dà mọ́tò gidi máa ń yọ́ ike. Ẹ kọ́kọ́ fín in sára igi ike tí ẹ ó jù nù, kí ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àǹfààní ẹni tó ti dàgbà nìyí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ṣájà tó bàjẹ́ yóò di wáyà púlọ́ọ̀gì, àwọ̀n fèrèsé tó ya yóò di ojú rédíétọ̀, bébà fàdákà inú páálí sìgá yóò di dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ wá agolo kan, kí ẹ máa kó wọn sí i.

Ojú ọjọ́ Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Lásìkò òjò, bí ẹ bá fín ọ̀dà nígbà tí ọ̀rinrin pọ̀, ojú rẹ̀ a máa funfun bí ẹni pé ẹ da lẹ́búlẹ́bù lé e. Ẹ dúró de ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Ọyẹ́ ń jẹ́ kí ọ̀dà yára gbẹ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ: kété tí ẹ bá fín in tán ni kí ẹ fi abọ́ ike dé e. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ wọ ìbòmú, ẹ má ṣe é nítòsí gáàsì ìdáná.

Ẹni tí kò bá rówó ra ti inú páálí kò pàdánù. Kò sí ohun tó jọ Ìbàdàn tó Micra tó ń kó èrò kiri ìgboro. Ẹ mú téèpù lọ síbi tí wọ́n ti ń dúró de èrò. "Ẹ ǹ lẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọn mọ́tò yín." Ó ṣeé ṣe kó dá yín lóhùn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ rà á ni?" Ẹ ṣàlàyé fún un, inú rẹ̀ á dùn. Ẹ fi 24 pín gbogbo ohun tí ẹ bá wọ̀n, ẹ yà á sórí páálí líle, ẹ gé e. Gígùn rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 àtààbọ̀ lọ, kò sì ní ná yín ju owó gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà. Èmi ka irú èyí sí ju ọkọ̀ òkèèrè lọ, nítorí ẹni tó bá wọlé yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ àdúgbò tó ń ná.

Adìẹ tó bá fara wé igún, ẹ̀yìn ààrò ni yóò sùn. Ẹ má gbé iṣẹ́ ẹni tó ti ń tò ó fún ọgbọ̀n ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ẹ má sì torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ tó ń fín ọ̀dà kí ẹ tó parí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Àrùn tó ń ṣe àwọn tó ń padà bọ̀ ni kí wọ́n máa ra páálí jọ, kí àwọn ará ilé má rí àyè jẹun lórí tábìlì. Ẹ parí ọ̀kan kí ẹ tó ra èkejì. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti rà jọ kí ìmọ̀ràn yìí tó dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀kan fún ọmọ àdúgbò yín, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù rẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣí i.