Ẹ̀KỌ́: BÍBO ÀṢÍRÍ ALÁÌSÀN

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún gbogbo wa tí a ń tọ́jú arúgbó, pàápàá ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbà nílùú òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ omi ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Arúgbó lè máa kọ omi mímu, a ó sì rò pé agídí ni. Rárá o. Ó mọ̀ pé bí òun bá mu ún, òun á tọ̀. Bí òun bá sì fẹ́ tọ̀, ọmọ tó tó ọmọ-ọmọ òun ni yóò tú aṣọ lára òun, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó ń kọjá á máa wò. Ó wá yan òùngbẹ. Kò ní pẹ́, òyì á máa kọ́ ọ, ìtọ̀ á máa ta á, iyè rẹ̀ á sì dàrú. Ìtìjú ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, kí a kan ilẹ̀kùn ká tó wọlé, kódà bí a bá mọ̀ pé kò lè dìde. Kí a ti ilẹ̀kùn, kí a fa aṣọ ìkélé. Kí a sọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí ọwọ́ wa tó kàn án. Bí a bá ń wẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn, apá tí a ń wẹ̀ nìkan ni ká ṣí. Bí a bá nù ún tán, ká bò ó ká tó lọ sí ibòmíràn. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, kó fúnra rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ìyá bá ní òun kò fẹ́ kí ọkùnrin wẹ òun, ẹ wá obìnrin. Àwa náà kò ní fẹ́ ẹ, àbí? Ṣemu àti Jafẹti, ẹ̀yìn ni wọ́n fi rìn lọ bo Noa bàbá wọn.

Ẹnu náà ńkọ́? Ẹni tó bo ara bàbá tán, tó wá ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé bàbá ti yàgbẹ́ sára, ó ti tún un tú sí ìhòhò. Fóònù sì burú ju ẹnu lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1987 fún àwọn tó wà nílé ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ nínú yàrá, nígbà ìtọ́jú, àti lórí lẹ́tà wọn. Ní 2016, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tó kọ̀ fún òṣìṣẹ́ láti ya àwòrán tó lè tàbùkù wọn.

Àwa tí a wà nílé náà ńkọ́? Bí a bá ń gbàdúrà fún aláìsàn láàárín ìjọ, orúkọ rẹ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú àìsàn tó ń ṣe é, kó lọ bi òun fúnra rẹ̀, bí ó bá fẹ́ sọ.