Ooru Lábẹ́ Ìdérí Àpótí Ẹja: Ṣe àti Má Ṣe

Iná tó ń tàn lókè àpótí ẹja ń mú ooru wá. Bí ìdérí bá dé pinpin, inú omi ni ooru náà ń wọ̀. Ní 25°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 8 ọ́síjìn. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni èyí tó lè gbà ń dín kù, àsìkò yẹn gan-an sì ni ẹja nílò èémí jù. Ẹ fún ooru lọ́nà àbájáde.

ṢE

• Wọn ooru omi lẹ́yìn tí iná bá ti tàn fún wákàtí mélòó kan. 24 sí 28°C ló bá ọ̀pọ̀ ẹja ilẹ̀ olóoru lára mu.

• Lu ihò méjì sí ìdérí: ti ìsàlẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tútù, ti òkè fún èyí tó gbóná, nítorí òkè ni ooru ń lọ. Fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, kí ẹja má baà fò jáde.

• Fi fáànù kọ̀ǹpútà kékeré, oní-12 volt, sí i, kí atẹ́gùn rẹ̀ máa gba ojú omi kọjá. Omi tó ń gbẹ ń kó ooru lọ: lítà kan tó bá gbẹ nínú 100 lítà ń kó ooru tó lè mú ìyókù fi ohun tó lé ní 5°C tutù.

• Bu omi tí kò ní klórínì dípò èyí tó gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bó bá jẹ́ ẹja inú òkun lo ń sìn, omi tí kò níyọ̀ ni kí o bù, torí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ.

• Lásìkò òjò, omi kì í tètè gbẹ, fáànù ò sì lè ṣe tó ti ọyẹ́. Dín wákàtí tí iná fi ń tàn kù.

MÁ ṢE

• Má ṣe fi aṣọ tàbí ìwé dí ihò ìdérí.

• Má ṣe kó yìnyín dà sínú omi. Ìyípadà òjijì lè pa ẹja.

• Má ṣe jẹ́ kí waya wá tààrà láti ìdérí sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tò lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀.

• Má ṣe nu fáànù tàbí iná láìyọ wọ́n kúrò lára iná mànàmáná.

• Má ṣe fojú kéré ẹja tó ń mí gúlegúle lójú omi. Pa iná, ṣí ìdérí, kí o sì jẹ́ kí fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi máa ṣiṣẹ́. Bí iná ọba bá lọ, ṣí ìdérí náà kíákíá.